Èlùbọ́ Inú Àká: Bí Ojú-Ewé Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa Ṣe Yára, àti Àṣìṣe Tí A Ṣe

Nígbà tí olóòtú ìwé yìí ránṣẹ́ sí wa pé kí a kọ ẹ̀kọ́ kan sínú rẹ̀, ó dájú pé àlàyé lórí ẹsẹ Bíbélì kan ni ó ń retí. Irú rẹ̀ ni a ti ń kọ bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, a ó sì tún kọ ọ́ bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí wa sí. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn mìíràn ni ó gba ọkàn wa lọ́tẹ̀ yìí. Ó jẹ mọ́ ojú-ewé ilé-ẹ̀kọ́ wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde fi sábẹ́ àbójútó ìgbìmọ̀ tí a jẹ́ alága fún. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti bínú sí wa nítorí ojú-ewé náà, ẹ kò sì jẹ̀bi. A fẹ́ ṣàlàyé ohun tí ó ń ṣe é, ohun tí ó wò ó sàn, àti ibi tí àwa fúnra wa ti ṣìṣe.

Ẹ óò rántí bí ó ti máa ń rí. Bí sáà bá parí, tí èsì ìdánwò bá jáde, àwọn òbí ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀, ní Ẹmùré, títí dé àwọn tí ó wà ní Èkó àti ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, á ṣí ojú-ewé náà ní àkókò kan náà. Àmì róbótó kékeré nì á bẹ̀rẹ̀ sí í yí po lójú fóònù, á máa yí, á máa yí. Ìyá tí ó wà nídìí ọjà rẹ̀ á ra dátà, dátà á tán, kò sì ní tíì rí máàkì ọmọ rẹ̀. Àwọn mìíràn á fi ọjà sílẹ̀, wọ́n á gun ọ̀kadà wá sí ilé-ẹ̀kọ́ láti wá wo ohun tí a sọ fún wọn pé wọ́n lè wò láti ilé. Kí ni àǹfààní rẹ̀ nígbà náà?

Àwa gbà pé ẹ̀rọ tí a yá, èyí tí ń gbé ojú-ewé náà, ni ó ti kéré jù. A jókòó, a kọ lẹ́tà ìtọrọ owó sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ kí a lè yá èyí tí ó tóbi jù ú lọ. Lẹ́tà náà ti wà lórí tábìlì wa, ó ku kí a tẹ̀ ẹ́ jáde. Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, tí ó ń fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà jẹun, wá kí wa. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó, a fi lẹ́tà hàn án. Ó kà á tán, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi ránṣẹ́. Ṣé wọ́n ti tan OPcache lórí ẹ̀rọ yín?” A kò mọ ohun tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ wa, ó wò ó, ó sì mi orí.

Kí ó tó lè yé yín, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí èdè tí a fi kọ ojú-ewé náà. PHP ni orúkọ rẹ̀. Rasmus Lerdorf, ẹni tí a bí ní Greenland, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1994 fún ojú-ewé ara rẹ̀, ó sì kéde rẹ̀ fún aráyé ní oṣù kẹfà ọdún 1995. Lẹ́yìn náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Ísírẹ́lì, Zeev Suraski àti Andi Gutmans, tún un kọ láti ìpìlẹ̀. PHP 3 jáde ní 1998, PHP 4 sì tẹ̀lé e ní 2000 pẹ̀lú ẹ̀ńjìnnì tuntun tí wọ́n pè ní Zend, orúkọ tí wọ́n fà yọ láti inú Zeev àti Andi. Kì í ṣe èdè kékeré. Òun ni Facebook fi bẹ̀rẹ̀ ní 2004. Òun ni a fi kọ WordPress tí ọ̀pọ̀ ìjọ àti ilé-ẹ̀kọ́ ń lò. Wikipedia pẹ̀lú, títí kan èyí tí àwọn ènìyàn wa ń kọ ní èdè Yorùbá, orí PHP ni ó dúró lé.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò gbọ́ PHP gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ti kọ ọ́. Bí òbí kan bá béèrè èsì, ẹ̀rọ á kọ́kọ́ ṣí fáìlì tí a kọ, á kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, á gé e sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, á wò ó bóyá gírámà rẹ̀ tọ́, á to ọ̀rọ̀ náà bí igi tí ó ní ẹ̀ka, lẹ́yìn náà ni yóò sọ ọ́ di àwọn àṣẹ kéékèèké tí ẹ̀ńjìnnì Zend lè ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn àṣẹ kéékèèké yìí ni à ń pè ní bytecode. Àwọn oní-PHP a máa pè wọ́n ní opcode. Ìgbà tí wọ́n bá wà tán ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ á ṣe wọ́n, èsì á jáde, òbí á rí i. Lẹ́yìn èyí, bí a kò bá sọ fún PHP pé kí ó fi wọ́n pamọ́, ńṣe ni yóò kó gbogbo àṣẹ náà dànù! Bí òbí kejì bá dé, àní bí kò bá ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, ó tún di kí a ṣí fáìlì, kí a kà á, kí a gé e, kí a tò ó, kí a túmọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tí ó yí padà nínú fáìlì náà. Kì í sì í ṣe fáìlì kan ṣoṣo: ojú-ewé kan lè pe ọgọ́rùn-ún fáìlì kí ó tó parí.

Àwa tí a jẹ́ àlùfáà mọ irú iṣẹ́ yìí. Kí odindi Bíbélì tó wà ní èdè wa, ògbufọ̀ ni ó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí ń ka ìwé ní èdè òyìnbó. Á gbọ́, á rò ó, á wá ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu, á sọ ọ́. Bí wọ́n bá tún ka ẹsẹ kan náà ní oṣù tí ń bọ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ ti gbé èyí tí ó sọ lọ́jọ́sí lọ. Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìtumọ̀ náà sínú ìwé, odindi Bíbélì Yorùbá sì jáde ní 1884. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ka ẹsẹ kan kò nílò ògbufọ̀ mọ́. A ti ṣe làálàá náà lẹ́ẹ̀kan, a sì ti fi èso rẹ̀ pamọ́ sí ibi tí gbogbo ènìyàn lè nawọ́ mú un.

Ohun tí OPcache ń ṣe fún PHP nìyẹn. Nígbà àkọ́kọ́ tí a bá lo fáìlì kan, yóò túmọ̀ rẹ̀ bí ó ti yẹ, yóò sì fi bytecode rẹ̀ sí apá kan nínú agbára ìrántí ẹ̀rọ náà, níbi tí gbogbo àwọn tí ń dáhùn ìbéèrè lórí ẹ̀rọ náà ti lè rí i lò. Àwa a máa pè é ní àká. Òbí kejì, ìkẹta, títí dé ìkẹẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, inú àká ni a ó ti bu tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ àká yìí, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í mú. Ohun tí ó wà nínú àká kì í ṣe oúnjẹ tí ó ti jinná, èlùbọ́ ni. A ti bó iṣu, a ti bọ̀ ọ́, a ti sá a, a ti lọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n a ṣì ní láti gbé omi kaná kí a sì rò ó fún àlejò kọ̀ọ̀kan. (A mọ̀ pé ọmọ Èkìtì gidi lè bínú pé a fi àmàlà sílẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ nígbà tí iyán wà. Kí wọ́n forí jì wá. Iyán kò ṣeé kó sínú àká.) Nítorí náà, bí bytecode bá tilẹ̀ wà nínú àká, èsì Adé yóò jẹ́ ti Adé, ti Bọ́lá yóò sì jẹ́ ti Bọ́lá, nítorí pé lójú ẹsẹ̀ ni a ń rò ó fún wọn. Ẹlòmíràn a máa bẹ̀rù pé bí a bá tan OPcache, òbí kan lè rí máàkì ọmọ ọlọ́mọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irú àká mìíràn wà tí ó ń tọ́jú odindi ojú-ewé tí ó ti jinná. Ti ọ̀hún ni ó gba irú ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀.

Kò sí ohun tuntun nínú ọgbọ́n yìí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 síwájú ni àwọn ènìyàn ti ń ṣe irú àká bẹ́ẹ̀ fún PHP. APC jẹ́ ọ̀kan tí a mọ̀ dáadáa nínú wọn. Ilé-iṣẹ́ Zend ní tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Optimizer+. Ní 2013 wọ́n fi kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, wọ́n sì fi í kún PHP 5.5 tí ó jáde ní oṣù kẹfà ọdún náà, ní orúkọ OPcache. Láti ọjọ́ náà, ohun tí a ń fi owó wá ti wà nínú àpò wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyẹn ni ó mú ojú tì wá nígbà tí a rántí lẹ́tà tí ó wà lórí tábìlì.

Bí a ti ń tàn án kò le. Fáìlì kan wà lórí ẹ̀rọ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ php.ini. Nínú rẹ̀, ẹ wá ìlà tí a kọ zend_extension=opcache sí. Bí àmì semicolon bá wà níwájú ìlà náà, PHP kò ní kà á kún. Ẹ pa àmì náà rẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ rí i pé opcache.enable=1 wà níbẹ̀, kí ẹ sì tún PHP bẹ̀rẹ̀. Lórí ẹ̀rọ tiwa, semicolon kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo ìṣòro náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó ojú-ewé ìjọ tàbí ti ẹgbẹ́, tí ẹ ń yá àyè lọ́dọ̀ àwọn tí ń lo cPanel, ẹ lè má ní ọ̀nà sí php.ini, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà ẹ óò rí ibi tí a kọ Select PHP Version sí, ẹ óò sì rí opcache nínú àwọn ohun tí a lè fi àmì sí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ẹ ṣe fáìlì kékeré kan tí yóò pe phpinfo(), kí ẹ sì ṣí i. Ní apá Zend OPcache, ó yẹ kí ẹ rí Up and Running. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí i, ẹ pa fáìlì náà rẹ́ lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ó ń tú àṣírí ẹ̀rọ yín fún ẹnikẹ́ni tí ó bá kọjá.

Ìwọ̀n àká ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Mẹ́gábáìtì 128 ni PHP fúnra rẹ̀ yàn fún opcache.memory_consumption, ó sì tó fún irú ojú-ewé tiwa. Iye fáìlì tí ó lè gbà wà ní opcache.max_accelerated_files, 10000 ni wọ́n sì kọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í lo 10000 gan-an, ńṣe ni yóò mú nọ́ńbà tí ó ga jù ú lọ nínú àkọsílẹ̀ tirẹ̀, èyí tí í ṣe 16229, nọ́ńbà tí ohunkóhun kò lè pín dọ́gba àyàfi 1 àti ara rẹ̀. Àwọn olùkọ́ ìṣirò wa yóò gbádùn ìyẹn. Bí àká bá kún, OPcache kì í yọ èyí tí ó ti pẹ́ kúrò láti fi àyè gba tuntun. Fáìlì tuntun kò kàn ní rí àyè wọlé, wọn yóò sì máa túmọ̀ rẹ̀ nígbà gbogbo bí ti àtijọ́, títí di ìgbà tí ìdọ̀tí inú àká bá pọ̀ tó tí OPcache yóò fi gbá gbogbo rẹ̀ dànù tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Ẹni tí ojú-ewé rẹ̀ bá tóbi níláti máa wo inú àká rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú opcache_get_status().

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tan OPcache ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Nígbà tí èsì sáà náà jáde, ojú-ewé ṣí láìsí ìdádúró tí a ti mọ̀ mọ́ ọn. A ya lẹ́tà owó. A kéde rẹ̀ nínú ìpàdé ẹgbẹ́, àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́.

Ó wá ku apá kejì ìtàn náà, èyí tí a ò pàtẹ́wọ́ fún.

Bí fáìlì bá yí padà, báwo ni àká ṣe ń mọ̀? Ètò kan wà tí ń jẹ́ opcache.validate_timestamps. Bí ó bá jẹ́ 1, OPcache á máa wo àkókò tí a ṣàtúnṣe fáìlì kẹ́yìn, ní ìṣẹ́jú-àáyá 2 sí ara wọn gẹ́gẹ́ bí PHP ti ṣètò rẹ̀. Bí ó bá rí i pé fáìlì ti yí padà, á túmọ̀ rẹ̀ lọ́tun. Bí a bá sọ ọ́ di 0, kò ní wò ó mọ́ rárá. Èyí tún ń dín iṣẹ́ kù díẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tí ẹ̀rọ wọn kì í sinmi sì ń lò ó. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa sọ ọ́ di 0. Kò fi bò wá lójú o. Ó kọ ọ́ sórí ìwé kékeré kan fún wa pé nígbàkigbà tí a bá fọwọ́ kan fáìlì, kí a tún PHP bẹ̀rẹ̀. A gba ìwé náà, a fi í sáàárín Bíbélì wa, a sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Ní sáà tí ó tẹ̀lé e, olùkọ́ kan ṣàkíyèsí pé ojú-ewé ń ṣi ìpíndọ́gba máàkì JSS 2 ṣírò. Iṣẹ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n 10 ni kóòdù fi ń pín àròpọ̀ máàkì. A tún un ṣe lọ́jọ́ náà: a pa 10 rẹ́, a fi 9 sí i. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ wò ó lórí kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀, ó pé. A fi fáìlì ránṣẹ́ sórí ẹ̀rọ ńlá, a sì ránṣẹ́ sí gbogbo òbí pé ó ti dára.

Kò dára rárá. Fáìlì tuntun ti dé orí ẹ̀rọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èlùbọ́ ti àtijọ́ ni wọ́n ṣì ń bù. Ó dà bí ẹni tí ó mú Bíbélì 1884 lọ́wọ́: wọ́n tún ìtumọ̀ náà ṣe, ó jáde ní 1900, ṣùgbọ́n èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò mọ̀.

Opó kan wà ní Ẹmùré tí ọmọbìnrin rẹ̀ wà ní JSS 2. Owó ìrànwọ́ tí ẹgbẹ́ wa ń san ni ọmọ náà fi ń kàwé, ẹni tí ìpíndọ́gba rẹ̀ kò bá tó 60 kì í sì í gbà á mọ́. Máàkì ọmọ náà lápapọ̀ jẹ́ 576. Bí a bá fi 9 pín in, 64 ni. Lójú fóònù ìyá rẹ̀, 57.6 ni. Ó pè wá lórí fóònù, ó ní, “Bàbá, ẹ ní ẹ ti tún un ṣe, èyí tí mo rí lánàá náà ni mo tún rí.” Àwa sì dá a lóhùn, pẹ̀lú ìgboyà ẹni tí ó gbà pé òun mọ̀, pé fóònù rẹ̀ ni ó ń gbé ti àná hàn án, kí ó pa á kí ó tún un tàn. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, kò yí padà. Ní ọjọ́ kejì ó gun ọ̀kadà wá bá wa, ó kúnlẹ̀ nínú yàrá wa, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a má yọ ọmọ òun kúrò, pé yóò ṣe dáadáa sí i ní sáà tí ń bọ̀. Ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ tí kò ṣẹ̀. A gba fóònù rẹ̀, a wò ó. A ṣí ojú-ewé kan náà lórí fóònù tiwa, 57.6 ni àwa pẹ̀lú rí. A gbé e dìde, a sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú akọ̀wé wa.

Akọ̀wé pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní Èkó, ó ní kí a pe opcache_reset(). Akọ̀wé pe é láti ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ sí ẹ̀rọ ní tààrà, kò sì sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀kọ́ ni èyí pẹ̀lú: PHP tí ó ń dáhùn níbi àṣẹ kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí ń dá àwọn òbí lóhùn, àká wọn kò sì pa pọ̀. Ẹni tí ó bá gbá àká ti ọ̀kan kò fọwọ́ kan ti èkejì. A tún pè é, ó ní kí a tún PHP-FPM bẹ̀rẹ̀. A ṣe bẹ́ẹ̀. Opó náà ṣì wà lórí àga ní yàrá wa nígbà tí 64 jáde lójú fóònù rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn a dá validate_timestamps padà sí 1. Ìdínkù iṣẹ́ tí 0 ń mú wá kò tó nǹkan kan fún ojú-ewé tí kì í rí èrò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ lọ́dún, ìjánu tí ó sì ń béèrè ju èyí tí ìgbìmọ̀ àwọn àgbàlagbà lè mú dání lọ. Ẹni tí ó bá ní ẹni tí ń ṣọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ lójoojúmọ́ lè ṣe bí ó ti wù ú.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé OPcache ń wo gbogbo àìsàn sàn. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá burú ní àdúgbò yín, kò lè ràn yín lọ́wọ́. Bí àwòrán orí ojú-ewé bá wúwo, bẹ́ẹ̀ náà ni. Bí ó bá sì jẹ́ pé ibi tí a kó máàkì jọ sí ni ó ń pẹ́ dáhùn, àká bytecode kò kàn án. Apá kan ìdádúró tí ó ṣì kù lórí ojú-ewé wa, ibẹ̀ ni ó wà, a sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀. Kí èsì sáà tí ń bọ̀ tó jáde, akọ̀wé yóò wo máàkì ọmọ mẹ́ta láti kíláàsì kọ̀ọ̀kan lórí fóònù, kì í ṣe lórí kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀, yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣírò wọn lórí ìwé. Òbí tí ó bá rí ohun tí kò yé e, kí ó pè wá. A ó ṣí i lórí fóònù tiwa kí a tó dáhùn.